Àbùkù Àbímọ́ni Nínú Ojú Tí Ọ̀nà Omi Rẹ̀ Há

Glọkómà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìkòròdú níbí mọ̀ ni èyí tí kì í dunni, tó ń jí ojú kó díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ojú, ni ti àwọn tí igun inú ojú wọn há, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé lára wọn la ti sábà ń bá àbùkù tí wọ́n bí mọ́ wọn.

Kì í ṣe igun ojú tí ipin máa ń wà ni mò ń sọ. Lẹ́yìn áírísì, ìyẹn awọ dúdú tó yí ọmọlójú ká, ni omi kan ti ń sun. Á gba ọmọlójú bọ́ síwájú, á sì ṣàn lọ níbi tí áírísì ti pàdé awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú ojú; ibẹ̀ ni igun tí mò ń sọ. Bí ibẹ̀ bá dí lójijì, ìfúnpá inú ẹyinjú, tí kì í sábà ju 21 mmHg lọ, lè kọjá 40, ojú á pọ́n, orí á máa fọ́, aláìsàn á máa bì. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú fún ibà kí ẹnikẹ́ni tó tan iná sí i lójú.

Lára àgbàlagbà, lẹ́ńsì inú ojú, ìyẹn ohun mímọ́ gaara tó wà lẹ́yìn ọmọlójú, tó ń nípọn bí ọjọ́ orí ti ń lọ ló sábà ń fà á. Nínú ìwádìí tí dókítà ojú Robert Ritch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2003 lórí àwọn tí kò ju 40 ọdún lọ, ó lé ní ìdajì wọn tí ohun tó wà lẹ́yìn áírísì wọn jókòó síwájú jù, tó ń ti ìdí áírísì bo ọ̀nà omi. Ẹyinjú àwọn mìíràn ló kéré láti inú oyún: ti àgbà máa ń tó mìlímítà 24 láti iwájú dé ẹ̀yìn, tiwọn kì í sábà pé 21, bẹ́ẹ̀ lẹ́ńsì inú rẹ̀ kò kéré.

Lẹ́ńsì roboto tún wà. Nígbà tí ọmọbìnrin kan láti apá Ìgbógbó na ọwọ́ láti gba káàdì rẹ̀, ìka rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, kúkúrú tó sì ki. Òun fúnra rẹ̀ kò ga, awò ojú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí kò rí ọ̀nà jíjìn rárá. Gbogbo rẹ̀ ló bá àìsàn Weill-Marchesani mu, èyí tí lẹ́ńsì fi máa ń kéré, tí ohun tó so ó ró kì í sì lágbára.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé pilocarpine, oògùn tí à ń kán sójú láti mú ọmọlójú sún kì, tó sì ń ran ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́wọ́, lè mú kí irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ sún síwájú, kó tún dí ọ̀nà pa. Iṣẹ́ abẹ tí ojú ẹlòmíràn gbà lè mú omi kó jọ sẹ́yìn nínú ẹyinjú tó kéré. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún ọ̀dọ́ pé igun ojú rẹ̀ há, kó béèrè ohun tó fà á; kó mú awò ojú tó ń lò dání lọ, kó sì mú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí pé ẹyinjú kékeré àti lẹ́ńsì roboto máa ń rìn nínú ìdílé.