Ọ̀gá mi ní kí n pa ẹnu mi mọ́ nídìí igi yukalíptọ́ọ̀sì

Lánàá ni ọ̀gá mi bá mi wí níwájú kọ́sítọ́mà. Ọmọ tí mo lè bí ni o. Ó pe orúkọ mi gbàgà, kò sí bọ̀dá kò sí sà, ó ní igi ni wọ́n gbà mí kí n máa gbé, wọn ò gbà mí kí n máa lé oníbàárà. Kí ni mo ṣe? Ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó àti igi ni mo ń ṣiṣẹ́ ní Dundee, ní Scotland níbí, ìyá òyìnbó kan wá ra yukalíptọ́ọ̀sì, èyí tó ga jù mí lọ tí owó ẹ̀ sì wọ́n ni wọ́n fẹ́ gbé. Mo ní Mummy (àṣà ilé ò tíì kúrò lára mi), ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ mú kékeré tí ò tíì dé orúnkún yẹn.

Òótọ́ sì ni mo sọ. Igi yìí ò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ike, tó bá ti pẹ́, gbòǹgbò ẹ̀ á máa yí po síbẹ̀, tẹ́ẹ bá wá gbìn ín bó ṣe yí po yẹn náà ló máa wà, kò ní dilẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ó lè ga ju mítà kan lọ lọ́dún kan, ọjọ́ tí atẹ́gùn Scotland bá wá fẹ́, ó ti wó nìyẹn. Kékeré tí wọ́n gbìn nígbà tí òtútù ti lọ máa ń lé ńlá bá láàárín ọdún díẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń rẹ́ wa jẹ lọ́jà Kútò l'Ábẹ́òkúta náà, ẹ má wulẹ̀ rán mi létí, ṣùgbọ́n ní Kútò ẹ máa jà ni, ẹ ó bú ara yín délé, lọ́jọ́ kejì ẹ ó tún ra tòmátò lọ́wọ́ ìyá yẹn. Níbí oníbàárà á rẹ́rìn-ín sí ẹ, á wá fi íméèlì ẹ̀sùn ránṣẹ́ lálẹ́.

Èmi náà ní ọ̀kan lẹ́yìn ilé. Ẹ já ewé ẹ̀ kẹ́ẹ rún un, Robb ni, màmá àgbà gan-an ló dé yẹn! Ọmọbìnrin mi ní kí n má fi ọwọ́ tó ń rùn kan òun, òyìnbó ló sì fi sọ ọ́, Yorùbá tí mo fi dá a lóhùn ò wọ̀ ọ́ létí. Gunnii ni wọ́n ń pe irú tèmi yìí, orí òkè ní Tasmania, nísàlẹ̀ Ọsirélíà, ló ti wá. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ máa ń dá a lára, omi ẹ̀ á sun jáde, á kan fúnra ẹ̀, wọ́n á mu ún. Ẹmu nìyẹn. Mo sọ fún bàámi lórí fóònù, wọ́n ní, "Ẹmu lo bá lọ sílùú òyìnbó? Ṣé ọ̀pẹ ti tán l'Ọ́dẹ̀dá ni?"

Jánúárì tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú. Ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba, tí mo bá jáde mi ò ní lè wọlé mọ́. WhatsApp ni mo fi wo ìsìnkú bàbá mi n'Íbẹ̀rẹ̀kòdó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, mo rí ẹsẹ̀ èèyàn, mo rí erùpẹ̀, àbúrò mi ń pariwo pé "Bọ̀dá mi, ṣẹ́ ẹ ń rí wa?" Nígbà tí àwòrán fi máa padà, wọ́n ti bò wọ́n tán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni òtútù jó igi mi. Ọ̀pọ̀ igi ibí máa ń wọ́wé, wọ́n á sùn títí òtútù á fi lọ. Yukalíptọ́ọ̀sì kì í sùn ní tiẹ̀, tí ara ilẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, á tún máa rúwé, ewé tútù yẹn ni yìnyín máa bá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fún un ní fàtiláísà. Gunnii tó ti dàgbà lè fara da nǹkan bíi 10 sí 15 lábẹ́ òdo, ṣùgbọ́n ìlú yìí lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní December 30, 1995, òtútù Altnaharra, abúlé kan lápá òkè Scotland, dé 27.2 lábẹ́ òdo. Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń wọ súwẹ́tà nígbà ọyẹ́, mo kí yín.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní ó mà ṣe o, pé èmi àti igi mi, àlejò ni wá. Mi ò rẹ́rìn-ín. Igi Tasmania ni, ọmọ Ẹ̀gbá lèmi, kí ló pa wá pọ̀? Dóńgóyárò tó kún Abẹ́òkúta, Íńdíà ló ti wá, kájú wá láti Brazil, ta ló ń pè wọ́n lálèjò?

Mi ò hú u ṣá. Ìdí igi yẹn ní kókó kan tó wú, ibẹ̀ ló máa ń tún ti rú. Mo gé e sílẹ̀ ní March, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ọ̀mùnú ti kún un, ewé róbótó aláwọ̀ eérú tí àwọn olódòdó ń wá fún òdòdó ọwọ́ ìyàwó. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ gé tiwọn lọ́dọọdún torí ewé yẹn, tí wọ́n bá fi sílẹ̀ á di ewé gígùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Àbúrò mi ní kí n fi kóró ẹ̀ ránṣẹ́ kóun gbìn ín s'Ásẹ́rò. Ooru máa yọ ọ́ lẹ́nu, èyí tí wọ́n ń gbìn l'Ókè Ọya, irú mìíràn ni, camaldulensis ni wọ́n ń pè é. Kó gbin ọsàn jàre, ó kéré tán a máa rí i jẹ.