Kọ́kọ́ wá ibi tí do wà

Lọ́jọ́ Sunday kan báyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn, sístà kan gba máìkì, kò wo ẹnikẹ́ni nínú àwa tá à ń lùlù, ó kàn gbé orin ni. Ẹni tó bá ti ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá rí á mọ ohun tí mò ń sọ, kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ pé key báyìí, ìyẹn ìpele ohùn báyìí, la fẹ́ lò, ibi tí ohùn olórin bá gbà jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ náà lo máa bá a. Tọjọ́ yẹn bọ́ sí A flat. Èmi sì rèé, G, C àti D tó máa ń lo àwọn okùn tá ò tẹ̀ rárá nìkan ló dá mi lójú, ọwọ́ mi kàn ń wá nǹkan kiri lórí gìtá títí orin fi parí. Ó dùn mí gan-an, torí gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi múra.

Lẹ́yìn ìsìn, bọ̀dá tó máa ń ta bass fún wa pè mí sẹ́yìn pèpéle. Ó ní, "Níbo ni do wà lórí gìtá ẹ?" Mo ní, "Bọ̀dá, ṣebí C ni." Ó mi orí, ó ní, "Rárá o. Ibi tí sístà yẹn fi do sí láàárọ̀ yìí, ibẹ̀ ni do wà. Ìwọ ń wá orúkọ nóòtì kiri, wá do kọ́kọ́, àwọn yòókù ò ní jìnnà sí i."

Bó ṣe fi hàn mí nìyí, ẹ gbé gìtá yín kẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi. Lórí okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, ẹ fi ìka àárín tẹ fret 3 (fret ni àwọn àyè tí irin tín-ín-rín pín sí ọrùn gìtá, láti ìhà orí gìtá la ti ń kà wọ́n). Do nìyẹn. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló ni fret 2, ìka àárín ló ni 3, èyí tó tẹ̀lé e ló ni 4, ọmọńdinrín ló ni 5, kí kálukú dúró sí àyè ẹ̀. Do wà ní 3, re ní 5. Ẹ bọ́ sórí okùn karùn-ún, mi wà ní 2, fa ní 3, so ní 5. Ẹ bọ́ sórí okùn kẹrin, la ní 2, ti ní 4, do tòkè ní 5. Okùn mẹ́ta, ohùn mẹ́jọ, ọwọ́ ò sì kúrò lójú kan.

Wàyí o, ẹ gbé ọwọ́ yẹn lódindi síwájú fret kan péré, kí ìka àárín wà ní 4. A flat tó dà mí láàmú yẹn nìyẹn! Ẹ sún un dé 6, B flat ni, 8 jẹ́ C, 10 jẹ́ D, kò sí ìka kankan tó máa pààrọ̀ iṣẹ́ ẹ̀. Ìdí ni pé láti fret kan dé èkejì, ìwọ̀n kan náà ni ohùn fi ń gòkè níbikíbi lórí ọrùn gìtá. Do sí re fret méjì, re sí mi méjì, mi sí fa kan, lẹ́yìn náà méjì, méjì, méjì, ti sí do kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 12. Oníkíbọ́ọ̀dù tí key bá ṣòro fún lè tẹ transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé gbogbo ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, àwa ò ní bọ́tìnnì yẹn, ọrùn gìtá fúnra ẹ̀ ni transpose tiwa.

Ibì kan wà tó fi ọ̀sẹ̀ méjì há mi lọ́wọ́, mo rò pé mi ò há bátànì náà sórí dáadáa ni. Okùn sí okùn lórí gìtá, fret márùn-ún ló wà láàárín wọn, àfi láti okùn kẹta sí okùn kejì, ìyẹn G sí B, mẹ́rin ni. Torí náà, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbé kọjá síbẹ̀, ẹ sún un síwájú fret kan. Ẹ wò ó báyìí: láti do okùn kẹfà dé do tòkè lórí okùn kẹrin, fret méjì síwájú, àmọ́ láti okùn kẹrin dé okùn kejì, mẹ́ta ni. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn, ìdajì ìṣòro ti lọ.

Ohun tó wá jẹ́ kó yé mi yékéyéké ni àmì ohùn tí tíṣà kọ́ wa ní praìmárì, dò, re, mí. Ìyá àgbà á pe "bàbá", ọmọ ọdún mẹ́rin á pe "bàbá", ohùn ọmọdé ga ju ti ìyá àgbà lọ fíìfíì, síbẹ̀ dò-mí làwọn méjèèjì pè, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan míì. Gángan tó kéré náà lè sọ gbólóhùn kan náà tí ìyá ìlù ń sọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, a ó sì gbọ́ ọ. Etí wa ti mọ̀ tipẹ́ pé do lè wà níbikíbi, ọwọ́ ló kù ká kọ́.

Fún orin tiwa, ẹ yọ fa àti ti kúrò, torí púpọ̀ nínú àwọn orin wa, do re mi so la ló gbé e dúró. Tí do bá wà ní fret 3, okùn kẹfà á jẹ́ 3 àti 5, karùn-ún 2 àti 5, kẹrin 2 àti 5, kẹta 2 àti 4, kejì 3 àti 5, àkọ́kọ́ 3 àti 5. Èyí gan-an ni mo máa ń lò jù tí mo bá ń dá olórin lóhùn.

Mi ò fara mọ́ kéèyàn há bátànì márùn-ún sórí lẹ́ẹ̀kan náà láti YouTube láìmọ ibi tí do wà nínú ìkankan o, ìka á máa sáré, etí ò ní mọ ibi tó ń lọ. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi metronome, ẹ̀rọ tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́ láti fi ka ìlù, sí 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ máa fi ẹnu pe do re mi bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tí fret 3 bá na ìka yín jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 7 tàbí 8, àwọn fret máa ń súnmọ́ra bá a ṣe ń lọ sókè, àyè tó wà lẹ́yìn fret 12 jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá orin kan tí ìyá yín máa ń kọ fún yín, kẹ́ ẹ ta á níbi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìwo ìwé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan gbé orin, mo fi ìka wá do lórí okùn kẹfà, mo bá a ní 6, bọ̀dá onibass ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Bátànì tó bẹ̀rẹ̀ láti okùn karùn-ún ni mò ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí.