Ta ni Licorice Pizza ń dá lẹ́bi, ta ni ó ń gbè lẹ́yìn?

Láti ìgbà tí Licorice Pizza, fíìmù tí Paul Thomas Anderson kọ tí ó sì darí, ti jáde ní ìparí ọdún 2021 ni àwọn tó wò ó ti pín sí méjì: àwọn kan ní eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín tí kò ní ibi nínú ni, àwọn mìíràn ní ohun tí kò yẹ kí a máa fi rẹ́rìn-ín ni. Ọdún 1973 ni ìtàn náà wáyé, ní àfonífojì San Fernando ní Los Angeles. Gary Valentine, ọmọ ọdún 15 tí ó ti ń ṣeré láti kékeré, wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní fọ́tò nígbà tí ó rí Alana Kane, ẹni ọdún 25 tí ó ń bá ayàfọ́tò ṣiṣẹ́. Ó ní kí ó wá bá òun jẹun lálẹ́. Alana fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó rán an létí pé ọmọdé ni, síbẹ̀ ó lọ.

Eré náà pa mí lẹ́rìn-ín gan-an, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́. Gary ń ta bẹ́ẹ̀dì olómi, ọjà tó lòde nígbà náà, ó sì ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún. (Ìtàn ìgbà èwe Gary Goetzman, tí ó di agbéréjáde nígbà tó dàgbà, ni Anderson gbé e lé.) Alana ní tirẹ̀ ṣì ń gbé nílé bàbá rẹ̀, kò sì mọ ibi tí ayé òun dorí kọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973 ni àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ títa epo rọ̀bì fún Amẹ́ríkà dúró, inú ọ̀wọ́n epo yìí sì ni Anderson ti fa ìran tí mo fẹ́ràn jù lọ yọ: epo tán nínú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sórí òkè, Alana sì fi ẹ̀yìn wà á sọ̀ kalẹ̀ lóru, ẹ́ńjìnnì kò dún. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ láyọ̀, Gary àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́ẹ̀gì epo ṣe irú ẹ̀fẹ̀ rírùn tí àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn máa ń ṣe. Alana jókòó sí etí títì. Ojú rẹ̀ nìkan ti tó láti sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àárín àwọn ọmọdé ni òun wà. Kò pẹ́ tí ó fi lọ bá olóṣèlú kan ṣiṣẹ́.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí fíìmù yìí ti rí ìwà àwọn àgbà kedere tó, bí àgbà náà bá ti jẹ́ ọkùnrin. Ayàfọ́tò tí Alana ń bá ṣiṣẹ́ gbá a nídìí bí ó ti ń kọjá, a sì rí i pé ìwọ̀sí ni. Jack Holden, òṣèré àgbà tí Sean Penn ṣe, mú un lọ jẹun, ó ń ka ọ̀rọ̀ inú sinimá rẹ̀ àtijọ́ sí i létí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Nígbà tí ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ọmọbìnrin náà jábọ́, bàbá náà kò tilẹ̀ mọ̀. Jon Peters, tí Bradley Cooper ṣe, kì í rí obìnrin kó má da ọ̀rọ̀ kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan Alana àti ọmọ tó fi ọdún mẹ́wàá jù lọ, gbogbo ìfura yìí dópin, orin a wọlé.

Òfin ilẹ̀ Kalifóníà fúnra rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Kò sí ìbálòpọ̀ láàrin àwọn méjèèjì nínú eré, nítorí náà n kò sọ pé Alana rú òfin kankan. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ka ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, ọmọbìnrin nìkan ni ó kà sí ẹni tí a lè ṣẹ̀. Ní ọdún 1981, nínú ẹjọ́ Michael M., ọmọkùnrin tí wọ́n fi òfin yìí mú, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí ó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àlàyé pé ìbẹ̀rù oyún ti tó láti kó ọmọbìnrin níjàánu, kí òfin wá bá ọkùnrin wí. Ọdún 1993 ni Kalifóníà tó tún un kọ kí ó lè dáàbò bo ọmọkùnrin náà. Ìgbàgbọ́ pé kò sí ohun tí àgbà obìnrin lè ṣe fún ọmọkùnrin tí yóò pa á lára ni ẹ̀rín irú eré báyìí dúró lé, ó sì ti wà nínú ìwé òfin tipẹ́ kí ó tó dé sinimá.

Àwọn tó ń gbèjà Anderson máa ń sọ pé ayé ìgbà náà ni ó ń fi hàn. Ohun tí òun náà sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ nípa ọkùnrin aláwọ̀ funfun inú eré náà tí ó ń sín ohùn àwọn ará Japan jẹ níwájú ìyàwó rẹ̀, ìran tí ó bí àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n wá láti Éṣíà nínú: Anderson ní àṣìṣe ni kí a fi ojú ọdún 2021 wo ìtàn ìgbà àtijọ́. Àwíjàre yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ojú ọdún 2021 gan-an ni ó fi wo Holden àti Peters, òun ni ó sì mú kí eré náà gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Alana alára ti béèrè ìbéèrè náà. Ó sọ fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé lójú tòun, kò bójú mu pé Gary àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ ọdún 15 ni òun ń bá rìn ṣáá. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì tó èyí nínú eré náà, àmọ́ Anderson kò padà sí i mọ́. Ní ìparí, àwọn méjèèjì sáré pàdé ara wọn, wọ́n fẹnu konu, Alana sì sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ Gary, bí ẹni pé kò béèrè ohunkóhun rí. Eré náà gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA fún kíkọ ìtàn, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ fún Oscar mẹ́ta. Ìkọ̀wé rẹ̀ tọ́ sí ìyìn, bí a bá yọ ìṣẹ́jú mélòó kan tí ó kẹ́yìn kúrò.