Kọ́ọ̀kì 110 ti di 121: bí mo ṣe ń to líìgì Westfalen ayé Násì sórí pákó

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fi kọ́ọ̀kì gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì ní kékeré, ẹ ò ní bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Kọ́ọ̀kì mínírà 11 lápá ìhín, 11 lápá ọ̀hún, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni bọ́ọ̀lù, ìka la fi ń ta á. Iye bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé mi tó bá eré yẹn lọ, ìyá mi nìkan ló lè kà á. Mo ti dàgbà ju gbígbá a lọ, àmọ́ kíkun kọ́ọ̀kì kò tíì sú mi. Bí ilé bá ti pa lọ́lọ́ lálẹ́, èmi àti búrọ́ṣì á jókòó ti iná.

Èyí tí mo dáwọ́ lé báyìí ni Gauliga Westfalen, líìgì àgbègbè kan ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì, tí ìjọba Násì dá sílẹ̀ ní 1933, tí ogun sì tú u ká ní 1945. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ni mo ṣà jọ nínú àwọn tó gbá níbẹ̀, kọ́ọ̀kì 11 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ 110.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́ dé ibẹ̀. Ìlà kan tí mo kà ló rán mi. Ó ní Schalke 04, ẹgbẹ́ ìlú Gelsenkirchen, ló gba líìgì yẹn ní gbogbo sáà 11 tí wọ́n gbá parí, láti 1934 dé 1944. Wọn ò na wọ́n nílé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lóde, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré. Mo tún un kà. Irú líìgì wo nìyẹn?

Pákó

Káfíńtà àdúgbò gé pákó fún mi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin níbùú, mẹ́ta lóròó. Mo fi sáńpépà gbo ó, mo fi ẹ́múlúṣọ̀n funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fi pẹ́ńsù ya àwòrán ilẹ̀ Westfalen sí i, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè jókòó sí ìlú rẹ̀.

Ibi yíyà yìí ni mo ti rí i pé òṣèlú ló gé líìgì náà. Kí Hitler tó gbàjọba ní oṣù kìíní 1933, àwọn àjọ bọ́ọ̀lù àgbègbè ló ń darí nǹkan ní Jámánì, líìgì tó ń pe ara rẹ̀ ní ipele kìíní sì pọ̀ bí ẹní máa kú. Násì tú àwọn àjọ náà ká, wọ́n gé orílẹ̀-èdè sí 16, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Gauliga tirẹ̀. «Gau» jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún àgbègbè, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn 16 tó bá gba líìgì á pín sí ìsọ̀rí mẹ́rin, wọ́n á gbá a nílé lóde, aṣáájú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á lọ sí ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ká sòótọ́, fún eré bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ètò náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ó ì bá rọrùn fún mi ká ní gbogbo ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn ló bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìlà pẹ́ńsù mi gba àárín Gelsenkirchen àti Essen kọjá, ìlú méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra bí ilé alámùúlégbè. Gelsenkirchen, Bochum àti Dortmund bọ́ sí Westfalen, Essen bọ́ sí Niederrhein. Nítorí náà Rot-Weiss Essen kò sí lórí pákó mi, bẹ́ẹ̀ èédú kan náà ni wọ́n jọ ń wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Búlúù

Schalke ni mo kọ́kọ́ kùn. Ọ̀dà búlúù tí mo rà ki jù, ó ń dì sétí kọ́ọ̀kì, ni mo bá yá kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi. (Ó ti mọ̀. Ó ní kí n má ṣe fọwọ́ kan èyí tó pupa.) Búrọ́ṣì inú ìgò kútẹ́ẹ̀sì kéré, ó sì ń yọ̀ geere. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Búlúù àti funfun, aṣọ ẹgbẹ́ àwọn awakùsà. Pápá wọn, Glückauf-Kampfbahn, tí wọ́n ṣí ní 1928, orí ilẹ̀ iléeṣẹ́ èédú Consolidation ló wà, «Glückauf» sì ni ìkíni tí àwọn awakùsà fi ń kí ara wọn bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò. Ernst Kuzorra àti Fritz Szepan ni ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ náà. Àna ni wọ́n jẹ́ síra wọn; Szepan ló fẹ́ àbúrò Kuzorra. Eré tí wọ́n ń gbá, «Kreisel» ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òòyì: kí n gbá a fún ọ, kí o gbá a fún un, kí ó dá a padà fún mi, títí orí alátakò yóò fi pòòyì. Ẹni tó bá ti ta òkòtò rí á mọ bó ṣe rí.

Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọ àwọn tó ti Masuria wá wa èédú ní Ruhr, agbègbè èédú tí Gelsenkirchen wà, Masuria sì jẹ́ apá gúúsù Prussia Ìlà-oòrùn nígbà náà. Orúkọ wọn ń ké tantan: Kuzorra, Szepan, Tibulsky, Kalwitzki. Lẹ́yìn tí wọ́n na 1. FC Nürnberg ní ayò 2 sí 1 nínú àṣekágbá 1934, tí Kuzorra gbá ìkẹyìn wọlé nígbà tó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, àwọn ìwé ìròyìn kan ní Pólàǹdì kọ ọ́ pé ife-ẹ̀yẹ Jámánì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Pólàǹdì. Kíá ni Schalke kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Kicker láti fi hàn pé inú Jámánì ni wọ́n bí àwọn òbí agbábọ́ọ̀lù wọn sí. Nígbà tí mo ń fi ẹnu pín-ìnnì kọ orúkọ Kalwitzki sórí kọ́ọ̀kì tí kò tó owó sílè àtijọ́, mo rántí lẹ́tà yẹn. Ẹni tó gba ife fún ọ, o tún ní kó wá mú ìwé ẹ̀rí ìbí òbí rẹ̀ wá.

Kalwitzki yìí ló gbá márùn-ún wọlé nínú àṣekágbá 1939, nígbà tí Schalke na Admira Wien, ẹgbẹ́ Vienna ní Ọ́sítríà, ní ayò 9 sí òdo. Jámánì ti gbé Ọ́sítríà mì lọ́dún tó ṣáájú, ó sì ti sọ líìgì wọn di ọ̀kan nínú àwọn Gauliga. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwọn ará Vienna gbẹ̀san. Ní June 22, 1941, Schalke ti fi mẹ́ta sí òdo ṣíwájú Rapid Wien ní Berlin, Franz Binder sì dìde, ó gbá mẹ́ta wọlé, Rapid fi mẹ́rin sí mẹ́ta gbé ife lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ ogun Hitler wọ Soviet Union. Adolf Urban, ọ̀kan nínú àwọn kọ́ọ̀kì búlúù mi, ojú ogun ibẹ̀ ló kú sí ní 1943.

Òjò

Mo sá kọ́ọ̀kì Westfalia Herne àti ti Preußen Münster sójú fèrèsé, mo sì sùn lọ. Òjò já lóru. Méjìlélógún ló dógùn-ún. Sáńpépà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, ká tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ síbẹ̀.

Kọ́ọ̀kì Szepan

Mo ti kun Szepan dáadáa. Mo tilẹ̀ fi ìlà tín-ín-rín yí i ká nítorí òun ni balógun Jámánì nígbà tí wọ́n gba ipò kẹta ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 1934. Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa ṣọ́ọ̀bù.

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan wà ní ọjà Schalke tí wọ́n ń pè ní Julius Rode & Co. Júù ni àwọn tó ni ín, Sally Meyer àti Julie Lichtmann. Ní 1938, nígbà tí ìjọba ń fipá gba òwò lọ́wọ́ àwọn Júù, Szepan ni ṣọ́ọ̀bù náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ó ti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Násì ní 1937. Wọ́n kó Meyer àti Lichtmann lọ sí Riga ní Latvia, wọ́n sì pa wọ́n. Szepan ń ta aṣọ lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà kan nítòsí pápá tuntun Schalke ní 2001, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí ló dá a dúró.

Mo gbé kọ́ọ̀kì náà lé àtẹ́lẹwọ́, mo ń wò ó. Ó ṣe mí bíi kí n jù ú nù, àmọ́ bí mo bá jù ú nù, mo ti ń bá a bo àṣírí nìyẹn. Mo fi kẹrosín nu ìlà tín-ín-rín yẹn kúrò, mo dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù, ó gba ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tí kò sí lórí pákó

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá àwọn tí tábìlì líìgì kò kọ orúkọ wọn. Paul Eichengrün, oníṣègùn eyín, ló jẹ́ igbákejì alága Schalke. Júù ni. Ní 1933, ọdún tí líìgì bẹ̀rẹ̀ gan-an, ó fi ipò sílẹ̀. Nígbà tó yá ó sá lọ sí Amẹ́ríkà. Ernst Alexander ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ọ̀dọ́ Schalke. Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn àwọn Násì, ni wọ́n pa á sí ní 1942. Àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá ti òṣìṣẹ́, ìjọba fòfin dè wọ́n ní 1933 kan náà. Ti àwọn Kátólíìkì, tí wọ́n ń pè ní DJK, tẹ̀ lé e ní 1935. Ní agbègbè awakùsà, ẹ lè fojú inú wo iye pápá tó dá páro.

Èyí tó wá yí iṣẹ́ mi padà ni Bochum. Mo ti kun Germania Bochum tán. Ní oṣù kẹrin 1938 ni àwọn aláṣẹ ìlú náà fi ipá so Germania pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ méjì mìíràn, ohun tó jáde níbẹ̀ ni VfL Bochum tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa fi ìyẹn hàn lórí pákó, ni mo bá kà pé ẹgbẹ́ mìíràn wà ní Bochum kan náà, Schild Bochum, ẹgbẹ́ àwọn Júù. Wọn ò lè wọ Gauliga. Láàárín ara wọn ni wọ́n fi àyè gbà wọ́n láti máa gbá, lórí pápá tí ẹlòmíràn kò bá fẹ́. Ní oṣù kẹfà 1938, Schild Bochum na Schild Stuttgart ní ayò 4 sí 1 ní Köln, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Schild, àjọ eré ìdárayá àwọn Júù, káàkiri Jámánì. Erich Gottschalk ni balógun wọn. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n dáná sun àwọn sínágọ́gù, wọ́n sì fòpin sí eré ìdárayá àwọn Júù pátápátá.

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ Westfalen lọ́dún 1938, ẹgbẹ́ tó gba ife kan ní Jámánì ni mi ò ní lórí pákó. Schalke pàápàá pàdánù àṣekágbá ọdún náà sọ́wọ́ Hannover 96.

Mo ti ka kọ́ọ̀kì 11 sí i. Mi ò ní fọwọ́ ọ̀dà kàn wọ́n. Mo fọ ọṣẹ sí wọn, mo gbo àkọlé mínírà kúrò lórí wọn, wọ́n ń dán bí irin ṣe ń dán. Ọmọ mi wọlé, ó ní, «Dádì, àwọn èyí ò ní jẹ́sì?» Mo ní wọ́n ní, mi ò kàn níí kùn ún ni. Ó wò mí títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Dúdú àti yẹ́lò

Borussia Dortmund ló kù. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lónìí kò ní gbà pé ẹ̀yìn ni wọ́n wà nígbà náà: 1936 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá sí Gauliga, ní 1940 Schalke sì fọ́ wọn ní ayò 10 sí òdo. Pápá wọn àtijọ́, Weiße Wiese, bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 1937 nítorí iléeṣẹ́ irin Hoesch fẹ́ gba ilẹ̀ sí i, ni wọ́n bá kó lọ sí Rote Erde. Heinrich Czerkus, ẹni tó ń tọ́jú pápá fún wọn, jẹ́ Kọ́múníìsì, ó sì ń tẹ ìwé ìtakò Násì lábẹ́lẹ̀. Àwọn Gestapo, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ Násì, pa á ní ìgbà Àjíǹde 1945, ogun ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó parí. Títí di òní, àwọn olólùfẹ́ Dortmund máa ń sáré ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere.

Mo gé ìṣó kékeré kan, mo kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó fún Czerkus. Pápá ló ń tọ́jú, kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbẹ́ ìlà ni àyè rẹ̀.

August Lenz ni mo fi kẹ́yìn. Òun ni ọmọ Dortmund àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún Jámánì, òun náà ló sì gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé ní November 14, 1943, tí Dortmund fi na Schalke fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Ọ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹfà yẹn nìyẹn. Schalke ṣì gba líìgì sáà náà bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n òun ni ìkẹyìn. Sáà tó tẹ̀ lé e kò parí. Ní 1947, nínú àṣekágbá Westfalen ní Herne, Dortmund na Schalke ní ayò 3 sí 2, orí pákó mi kò dé ibẹ̀ yẹn.

Kútẹ́ẹ̀sì yẹ́lò Lenz kò tíì gbẹ. Káfíńtà ní kí n padà wá ní Sátidé fún pákó gbọọrọ kan, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, tí mo fẹ́ so mọ́ etí Bochum fún àwọn 11 tó ń dán. Ó ní òun ò mọ ìdí tí n ò fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ì bá ti gé e pọ̀.