Ẹ̀rọ Pọ́líìṣì, Ẹtù Bàbá Lánlọ́ọ̀dù àti Fóòmù Búlúù

Àna ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń bá jà. Ohun tó mú mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nìyẹn ní àárọ̀ tí ìyá ìyàwó mi fi kànrìnkàn fọ mọ́tò mi, tí mo ní, "Màmá, ẹ ṣé gan-an ni o. Ẹ ẹ́ jèrè àwọn ọmọ yín." Ẹnu mi ló ń dúpẹ́, inú mi ń sunkún.

Màmá wá bá wa wẹ àwọn ìbejì ni. Wọn kì í ṣe ẹni tó lè jókòó káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n wẹ ọmọ tán, wọ́n fọ aṣọ ìlédìí, wọ́n fọ gbogbo ìkòkò ilé, títí kan èyí tí a kò tíì fi se nǹkan kan rí. Nígbà tí wọn ò rí ohun mìíràn fọ̀ mọ́, ojú wọn bọ́ sára Corolla dúdú mi lábẹ́ igi máńgòrò, tí erùpẹ̀ ọyẹ́ ti bò mọ́lẹ̀. Wọ́n da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sómi, wọ́n gbé kànrìnkàn tí wọ́n fi ń fọ ìdí ìkòkò, wọ́n sì fi gbogbo agbára yí i róbótó-róbótó láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù. Èmi ń sùn nínú yàrá. Orin tí wọ́n ń kọ mọ́ ọn ló jí mi.

Ọkọ̀ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní mọ́tò dúdú ló máa mọ ohun tí mo rí nígbà tí oòrùn yọ. Níbi tí oòrùn bá ti tàn sí i, ilà wínníwínní ni, ó yí ìtànṣán náà ká bí òwú aláǹtakùn. Mo sún sápá òsì, ó bá mi sún. Mo lóṣòó, ó lóṣòó.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ò rí i bó ṣe ń kọ mànà?" Màmá ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, wọ́n fọwọ́ lẹ́yìn. "Mo ti ránṣẹ́ sílé pé ọkọ̀ yìí la máa fi gbé ìyàwó ní Sátidé."

Ìyàwó tí wọ́n ń wí, ti àbúrò ìyàwó mi ni. Ó wá di pé fídíò máa ká gbogbo ilà yẹn sílẹ̀, tí ọmọ àti ọmọọmọ máa wò ó.

Kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀dà ara mọ́tò òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ wà nísàlẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi èyí tó mọ́ gaara bo gbogbo rẹ̀; òun ni àwọn pẹ́ńtà ń pè ní clear. Ti kọ́ńpánì, tí a bá wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti orí irin títí dókè, kì í sábà ju 150 micron lọ, bẹ́ẹ̀ 1,000 micron ló wà nínú mìlímítà 1. Clear yẹn fúnra rẹ̀ lè má ju 50 lọ. Ojú rẹ̀ ni ilà wọ̀nyẹn wà. Yanrìn wẹ́wẹ́ tó há sínú àkísà tàbí kànrìnkàn ló ń fà wọ́n. Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ létí títì, tí àkísà wọn á bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n á gbọ̀n ọ́n pàà mọ́ itan, tí wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ, iṣẹ́ Màmá náà ni wọ́n ń ṣe, tiwọn kàn lówó nínú ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ilà náà lọ, kì í ṣe pé yóò dí i o. Clear ọ̀hún ni yóò fá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba. Bó bá fá a kọjá àlà, ó ti bá àwọ̀ pàdé nìyẹn, ẹjọ́ di ti pẹ́ńtà.

Wẹ́dà tó wà níkàngun àdúgbò wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn, gbọ́ pé mò ń wá ẹ̀rọ pọ́líìṣì, ó ní kí n wá gba grinder tí òun fi ń lọ irin, pé òun á kàn bá mi ki fóòmù bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo dúpẹ́, mo sì tètè kúrò níbẹ̀. Grinder kékeré yẹn a máa yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Pọ́líṣà tí àwọn pẹ́ńtà ń lò, láàárín 600 sí 3,000 ló wà, síbẹ̀ ó ń jó ọ̀dà mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́. Èyí tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ tún rọjú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó ṣe ń yí náà ló ń gbọ̀n, tí èèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ jù, yíyí rẹ̀ á dúró, á kàn máa gbọ̀n lásán. Mo fi máàkà fa ilà kan sétí àwo tí fóòmù lẹ̀ mọ́, kí n lè máa rí i bóyá ó ń yí àbí ó ń tàn mí. Mo lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gẹ́ètì, mo ra kọ̀mpáùn, ìyẹn èròjà funfun tí wọ́n fi ń fá ojú ọ̀dà, mo ra fóòmù. Mo fi teèpù àwọn pẹ́ńtà lẹ gbogbo etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí etí ni ọ̀dà ti ń tín-ín-rín jù, mo sì lẹ ọ̀kan sáàárín rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì gbé àga síta láti wòran, Màmá náà gbé tiwọn. Mo kán kọ̀mpáùn sí fóòmù lójú mẹ́rin, mo gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n tó tẹ swíìṣì. Ẹni tó bá tẹ swíìṣì nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà lókè, aṣọ ọrùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́líìṣì. Mo fi eré ẹ̀rọ sí kékeré, mo fi tẹ́ kọ̀mpáùn náà, lẹ́yìn náà ni mo fi kún un. Sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sódò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú ibì kan náà. Mo mú aṣọ múlọ́múlọ́, mo nù ún.

Háà! Ìdajì tí mo ti ṣe dúdú kirikiri, ẹ lè fi ṣe dígí kí ẹ máa fi ta pákò. Ìdajì kejì, iṣẹ́ Màmá. Teèpù nìkan ló là wọ́n láàárín.

Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí. "Bàbá Ìbejì, níbo ni ilà yẹn ti wá?"

"Ọyẹ́ ni, Màmá."

Ìyàwó mi dìde, ó wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ swíìṣì ẹ̀rọ yẹn. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kò ní máa fi ìka di swíìṣì mú mọ́, ẹ̀rọ á máa bá iṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, kí ìka mi lè sinmi. Mo parí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo kán kọ̀mpáùn tuntun, mo bọ́ sára ilẹ̀kùn iwájú. Kọ̀mpáùn ò tíì tẹ́ tán tí iná fi lọ. Mo dúró, mo dúró, iná ò dé. Mo bá tẹ́ ẹ̀rọ sórí bẹ́ǹṣì, mo kọjú fóòmù sókè kí iyanrìn má bàa kàn án, bí onímọ̀ ṣe ń ṣe. Mo wọlé lọ jẹ àmàlà.

Títí di òní wọ́n ń sọ pé mi ò pa swíìṣì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n tún pa? Nǹkan tí àwọn oníná ti bá mi pa.

Òkèlè wà lọ́wọ́ mi nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò pariwo, "Iná ti dé o!" Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ "vùùùù" kan níta, mo rò pé ẹnì kan ń lọ ata ni. Àfi ohùn Màmá: "Ẹ gbà mí o! Ó ti jí!"

Mo sáré jáde. Fóòmù ń yí lókè bẹ́ǹṣì, ó ń tu kọ̀mpáùn kiri, fíì, fíì, fíì. Ara ògiri, ojú fèrèsé, orí Màmá. Ẹ̀rọ náà gbọ̀n títí ó fi já bọ́ láti orí bẹ́ǹṣì, ó dojú bolẹ̀, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo ní ó ń rìn! Ó kọrí sọ́dọ̀ àwọn adìẹ. Àkùkọ Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, tí ajá kò tó bá wọ̀yá ìjà ládùúgbò wa, òun ló kọ́kọ́ fo ògiri. Ibi tí wáyà ẹ̀rọ ti tán ló ti ṣẹ́rí padà, ó kọjú sí mi. Mo fi òkèlè lé e, ó lé mi. Màmá ń ké "Jésù! Jésù!" Ìyàwó mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó wọlé, ó yọ púlọ́ọ̀gì.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ ni mo tó rí okùn ìsáṣọ.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ti sá agbádá ẹtù wọn síta kí òórùn káńfọ̀ lè kúrò lára rẹ̀, torí a pe àwọn náà síbi ìgbéyàwó ọ̀hún. Kọ̀mpáùn funfun ti ta sí i láti ọrùn dé ìṣẹ́tí. Bàbá jáde. Wọ́n wo ẹtù, wọ́n wò mí, wọ́n wo òkèlè ọwọ́ mi.

"Bàbá Ìbejì, irú oúnjẹ wo lẹ ń jẹ nílé yín tó ń fọ́n báyìí?"

Mo tún dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ àgbàlá yẹn ti mọ àyà mi lọ́sẹ̀ yẹn. Àánú tí mo rí gbà ni pé kọ̀mpáùn olómi ni mo rà, bó bá gbẹ, lẹ́búlẹ́bú ló ń dà. Ìyá Ìbejì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, ó fi aṣọ tútù díẹ̀ nù ún, ẹtù padà sípò. Ti orí Màmá ló pẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọn kì í jẹ́ kí ẹjọ́ sùn láìdá. Wọ́n rọra yí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi po, wọ́n ní, "Mo ti rí ohun tí nǹkan yẹn ṣe fún tìrẹ. Lọ́la, tèmi ló kàn."

Peugeot 504 búlúù ni tiwọn. Ọdún 1981 ni wọ́n rà á. Kò sí àlejò tí kò tíì gbọ́ pé Kaduna ni wọ́n ti tò ó, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní 1975, àti pé láyé ìgbà náà, ẹni tó bá gùn ún wọ ọgbà ilé ìwé, bíi kọmíṣọ́nà ni wọ́n ṣe ń kí i. Báyìí ara rẹ̀ ti ṣá, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹfun búlúù ló máa wà níka yín. Mo fi iná fóònù parí Corolla mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀ mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Bàbá. Wọ́n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀pá wà lórí itan wọn.

Ohun tí mo yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún Bàbá ni pé ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ kan bẹ́ẹ̀ kò ní clear. Àwọ̀ fúnra rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Bí èèyàn bá fi kọ̀mpáùn fá a, èyí tó ti ṣá yóò bọ́ sára fóòmù, tútù á jáde lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́, mo fẹ́ kí ó yà wọ́n lẹ́nu.

Ó yà wọ́n lẹ́nu.

"Dúró!" Ọ̀pá ti wà lókè. "Kí nìyẹn?"

"Èwo, Bàbá?"

"Ìyẹn tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ."

Fóòmù ti di búlúù láti etí dé etí. Mo ní, "Bàbá, ọ̀dà tó ti kú ló ń bọ́."

"Ta ló pa á?"

"Oòrùn ni, Bàbá."

"Oòrùn pa á, ìwọ wá ń kó òkú rẹ̀ lọ sílé?" Wọ́n dìde. "Lánàá tí ò ń ṣe tìrẹ, mo ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ rẹ dúdú, fóòmù rẹ funfun. Kò bọ́. Ìgbà tó kan tèmi ló wá ń bọ́?"

Mo ní tèmi ní ìbora lórí. Wọ́n ní, "Ẹn hẹ́ẹ̀n! O bo tìrẹ, o wá ń bọ́ tèmi láṣọ." Màmá, tí wọ́n ti wé gèlè mọ́rí dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, dá sí i. Wọ́n ní kí Bàbá jẹ́ kí àwọn lọ mú kànrìnkàn wá, pé kànrìnkàn kì í gba ọ̀dà ọlọ́dà. Bàbá ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí pẹ̀lú olè tó wà nílẹ̀ ná.

Mo nu ibi tí mo ti ṣe kí wọ́n lè rí i. Ó mọ́ gaara, búlúù tó jin, irú èyí tí wọ́n ti gbàgbé pé àwọn rà. Bàbá wò ó, ojú wọn rọ̀ díẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo fóòmù, ojú wọn tún le.

"Ìyá Ìbejì! Bá mi wá agolo mílíìkì tó mọ́."

Agolo dé. "Fún un síbẹ̀."

"Bàbá?"

"Fún fóòmù yẹn síbẹ̀. Bí pẹ́ńtà bá dé, yóò bá mi dá a padà sí ibi tí o ti yọ ọ́."

Mo tú fóòmù kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, mo rẹ ẹ́ sómi, mo fún un. Omi búlúù díẹ̀ kán sídìí agolo. Bàbá bẹjú wò ó, wọ́n mì í, wọ́n ní ó kéré sí èyí tó lọ. Ìyàwó mi ti yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo tún fún un títí kò fi sí ohun tó ń jáde mọ́, mo fẹ́ dìde.

"Níbo lò ń lọ?" Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ọwọ́ mi. "Fọ èékánná rẹ síbẹ̀ pẹ̀lú."