Ẹ Ka Háídírójìn Kí Ẹ Tó Dárúkọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń múra WAEC, ìgò kékeré kan tí wọ́n kọ C₆H₁₂ (kábọ́ọ̀nù mẹ́fà, háídírójìn méjìlá) sí lára ló là mí lójú, nígbà tí mo wà lọ́dún kejì ní yunifásítì. Bí mo ṣe rí i ni mo ti kọ "alkene" sínú ìwé. Ṣebí CₙH₂ₙ ni, tí n jẹ́ iye kábọ́ọ̀nù? Àkọ́sórí mi lórí háídírókábọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn èròjà tó jẹ́ kìkì kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn, dán mọ́rán: CₙH₂ₙ₊₂ ni alkane, CₙH₂ₙ ni alkene, CₙH₂ₙ₋₂ ni alkyne. Mo wá da omi bromine sí i, èyí tó pọ́n bí omi ọsàn. Alkene ì bá ti fọ àwọ̀ yẹn dànù lójú ẹsẹ̀. Mo mì ín títí apá fi ń ro mí. Àwọ̀ náà kàn kúrò nínú omi ìsàlẹ̀ ni, ó gòkè lọ bá èyí tó léfòó, ó jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá láàbù ní, "Ṣé o wá mọ̀ ọ́n ju bromine lọ ni?" Cyclohexane, tí kábọ́ọ̀nù mẹ́fà rẹ̀ ká bí òrùka, ló wà nínú ìgò.

Láti ọjọ́ náà, mi kì í sáré dárúkọ mọ́. Ọwọ́ mẹ́rin ni kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní láti fi di òmíràn mú, háídírójìn ní ẹyọ kan. Ẹ sọ iye kábọ́ọ̀nù di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi méjì kún un: iye háídírójìn tó lè gbà jù lọ nìyẹn. Gáàsì ìdáná wa, C₃H₈ àti C₄H₁₀, pé géérégé. Alkane ni wọ́n. C₆H₁₂ ńkọ́? Mẹ́rìnlá ló yẹ kó ní, méjì ló dín. Níbikíbi tí méjì bá ti dín, yálà kábọ́ọ̀nù méjì ló fi ọwọ́ méjì di ara wọn mú (alkene nìyẹn), tàbí wọ́n ká yípo bí òrùka. Fọ́múlà ò ní sọ èwo fún yín. Bromine ló máa sọ ọ́.

C₂H₂, gáàsì tí kábáàdì àwọn ajórin ń tú jáde tómi bá kàn án, dín ní mẹ́rin. Kábọ́ọ̀nù méjì péré ò lè ká di òrùka, nítorí náà ọwọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi di ara wọn mú: alkyne. Àmọ́ C₄H₆, tó dín ní mẹ́rin bákan náà, tún lè jẹ́ butadiene, níbi tí kábọ́ọ̀nù ti fi ọwọ́ méjì di ara wọn mú níbi méjì, ẹ má ṣe fọwọ́ sọ̀yà. Benzene, C₆H₆, dín ní mẹ́jọ, síbẹ̀ kò fọ àwọ̀ omi bromine. Ẹ fi tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tọ̀, pẹ̀lú àwọn aromatic, ìyẹn àwọn tó ní irú òrùka benzene.

Ohun kan tún kù tó máa ń gba máàkì là: iye háídírójìn inú háídírókábọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì. Bí ẹ bá rí C₅H₁₁ nínú ìwé yín, ẹ padà lọ wo bọ́ọ̀dù.