Kásẹ́ẹ̀tì Bàámi àti tàímù tó já mọ́ mi lọ́wọ́

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú jáàsì kì í ṣe ohùn píánò. Ariwo kọ́ọ̀bù ni. Àbúrò Màámi kan ló fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí Bàámi láti Amẹ́ríkà, ó dà á kọ láti ara rẹ́kọ́ọ̀dù, ó wá fi bírò kọ "Bill Evans", orúkọ ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń tẹ píánò jáàsì, sí i lára. Bí píánò bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ tí kọ́ọ̀bù ń kan kọ́ọ̀bù. Mo rò pé Màámi ló ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jáde lọ wò ó, n kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ilé ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Village Vanguard ní New York ni wọ́n ti gba orin yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, 25 oṣù Kẹfà 1961. Láti ọ̀sán títí di òru ni Evans àti àwọn méjì tó ń bá a ṣeré fi ń lù ú, tí àwọn oníbàárà ń mu ọtí wọn, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa Scott LaFaro tó ń ta báàsì, ohun èlò olókùn ńlá tó ń dún nísàlẹ̀, fún un. Ọmọ ọdún 25 péré. Evans sì pa eré tì fún ìgbà kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, mo ní kí ló dé tó fi pa á tì, ṣé kò sí báàsì mìíràn ni? Ọmọdé ló ń ṣe mí.

Bàámi ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Abẹ́òkúta. Lálẹ́ Sátidé, wọ́n á gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí òjò bá ti ń rọ̀, igi dùùrù yẹn á wú, kíì kan lápá òsì á rì wọlẹ̀, kò ní gbéra mọ́. Láìdá orin dúró, Bàámi á fi èékánná àtàǹpàkò há a sókè, ìka yòókù á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Wọn ò jẹ́ kí n tẹ orin tí n ò bá lè fi ẹnu kọ. "Kọ ọ́ kí n gbọ́" ni gbólóhùn wọn. Tí mo bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, wọ́n á ní: "Ọkọ̀ lo fẹ́ wí ni, àbí ọkọ́?"

Alàgbà kan wà nígbà náà tó ní orin èṣù ni jáàsì. Fela Sowande, olórin ọmọ Nàìjíríà, ni Bàámi máa ń fi dá a lóhùn. Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Nígbà tó dé London, ó ń ṣe jáàsì ní ilé ìgbafẹ́, ó ń bá akọrin tó ń jẹ́ Adelaide Hall ṣeré, òun náà ló sì tún ń tẹ ọ́gàànù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. "Ṣé èṣù ló ń tì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ni?" Alàgbà á dákẹ́, títí di Sátidé mìíràn.

Bàámi kú ní 2006. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a sin wọ́n, mo padà sí iṣẹ́ alẹ́ Fúráìdeè tí mo ń ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà, àwa mẹ́ta: píánò, báàsì, dúrọ́ọ̀mù. Mo ní ká lu "Waltz for Debby", tí Evans ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orin tí Bàámi fẹ́ràn jù nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Tàímù rẹ̀, ìyẹn bí a ṣe ń ka ìlù orin, mẹ́ta-mẹ́ta ló fi ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Tí wọ́n bá kọ ohùn orin tán, wọ́n á yí i sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ibi tí a ti fẹ́ yí i gan-an ni èékánná Bàámi ti yọ sí mi. Ọwọ́ òsì mi ṣì wà ní mẹ́ta, ọ̀tún ti lọ sí mẹ́rin. Báàsì dúró sórí ohùn kan ṣoṣo, ó ń retí mi. Dúrọ́ọ̀mù dákẹ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ ìsì-ewú gbójú sókè wo iná, bóyá ó rò pé NEPA ló dé.

Nígbà tí a sinmi, ọmọkùnrin tó ń ta báàsì sún mọ́ mi. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfẹ́kù Bàbá o. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti jókòó síbẹ̀ yẹn, tàímù ni kẹ́ ẹ fún wa." Inú bí mi. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni n ò fi pè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì ní àbùkù kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ píánò, tẹ́ ẹ ní orin kan tó so mọ́ èèyàn yín, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Ẹ má sá fún orin náà o. Ilé ni kẹ́ ẹ ti sun ẹkún rẹ̀. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo kọ oríkì Bàámi sórí ohùn orin yẹn lédè Yorùbá, mo ń kọ ọ́ ní balùwẹ̀, tẹsẹ̀-tẹsẹ̀. Ohùn mi ń gbọ̀n níbi kan náà lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí kò gbọ̀n mọ́ ni mo tó fọwọ́ kan píánò. Dexter Gordon, tó ń fọn sasofóònù, máa ń ka ọ̀rọ̀ orin fún àwọn èèyàn kó tó fọn ọ́n. Ẹni tó bá mọ ohun tí orin ń wí, ìka rẹ̀ kì í tètè ṣìnà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ òsì nìkan, oṣù kan gbáko. Ẹ gbé aago tí olórin fi ń ka tàímù sí iwájú, ó wà lórí fóònù yín. Ẹ tún lo ọ̀sẹ̀ kan fún gbígbọ́ báàsì nìkan nínú orin yẹn. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé gúdúgúdú ni báàsì, pé kó kàn dúró sójú kan káwọn tó kù máa fò. LaFaro ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyáàlù kejì ni, ó ń dá Evans lóhùn, ó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. N ò bá má gbọ́ ìyẹn láéláé ká ní Bàámi nìkan ni mo ń wá kiri nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa rojọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún fún oníbàárà kẹ́ ẹ tó lu orin. Oúnjẹ wọn ń tutù.

Mo ṣì ń lu orin náà. Níbi tó ti fẹ́ yí, mo máa ń fi àlàfo kékeré sílẹ̀. Fúráìdeè tó kọjá, kọ́ọ̀bù kan kọ́ọ̀bù ní tábìlì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, báàsì sì mú wa wọ mẹ́rin.